Ìtọ́kasí 1,240, ṣé owó ni?

Níbi ìpàdé onílé àdúgbò wa lápá Òjóò, lẹ́yìn tí a ti bá ara wa jà tán lórí owó tíráńsífọ́mà, alága dìde, ó ní ká pàtẹ́wọ́ fún Ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń gbé ní ilé aláwọ̀ ewé. Ó ní ìròyìn ti jáde pé ìtọ́kasí iṣẹ́ bàbá náà ti di 1,240, h-index rẹ̀ sì ti di 17. A pàtẹ́wọ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n tẹrí ba, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ẹni tí wọ́n ń ki ní oríkì tí òun fúnra rẹ̀ kò gbọ́ rí. Ìyá Ẹlẹ́wà tó jókòó tì mí wá fẹnu sí mi létí.

"Bàbá Láíbìrì, ìtọ́kasí 1,240 yẹn, ṣé owó ni?"

"Rárá o, kì í ṣe owó."

"Ṣé oyè ni?"

"Kì í ṣe oyè náà."

"Kí la wá ń pàtẹ́wọ́ fún?"

Mi ò rí èsì kúkúrú fún un lọ́jọ́ náà, ó sì dùn mí, nítorí iṣẹ́ tí mo fi jẹun nìyẹn. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo lò ní láíbìrì kí n tó fẹ̀yìn tì. Nígbà tó kù díẹ̀ kí n lọ, ìdajì iṣẹ́ mi ni pé olùkọ́ kan á gbé fáìlì ìgbéga rẹ̀ wá, á ní kí n bá òun ka iye ìtọ́kasí òun kí ìgbìmọ̀ tó jókòó. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán níbí. Ohun kan ṣoṣo ni nọ́ńbà yẹn ń kà: iye ìgbà tí àwọn tó ń kọ ìwé ìwádìí dárúkọ ìwé ìwádìí rẹ. Kò ka iye èèyàn tó jàǹfààní rẹ̀. Ẹni tó bá pa méjèèjì pọ̀ mọ́ra wọn, á ṣi nọ́ńbà náà kà.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ irú iṣẹ́ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n ń ṣe ná. Bí ara kòkòrò ṣe ń ṣiṣẹ́ ni ìmọ̀ tirẹ̀: bó ṣe ń mí, bó ṣe ń rí omi, bó ṣe ń bọ́ awọ, ohun tó ń sọ fún ìdin pé àkókò tó láti di àgbà. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé oògùn apakòkòrò ni wọ́n ń pò. Oògùn lè ti ibẹ̀ jáde lóòótọ́, àmọ́ ìbéèrè tí wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀ máa ń dà bíi ti ọmọdé.

Ẹ wo kòkòrò inú ẹ̀wà. Kò ju orí ìṣáná lọ. Abo rẹ̀ máa ń lẹ ẹyin mọ́ ara hóró ẹ̀wà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àmì funfun tíntìntín tí ẹ ń rí lára ẹ̀wà olóyin nígbà mìíràn, ẹyin ni. Ìdin tó bá pa níbẹ̀ kì í yọjú síta rárá. Láti ìdí ẹyin ló ti ń gbẹ́ ihò wọnú hóró, inú ibẹ̀ ló ń jẹ, inú ibẹ̀ ló ń gbé, títí á fi di àgbà ní bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin. Ìgbà yẹn ló máa tó ti ìlẹ̀kùn róbótó kan, tí á jáde. Ihò tí ẹ ń rí lára ẹ̀wà oníkòkòrò, ibi tó gbà jáde ni, kì í ṣe ibi tó gbà wọlé. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń ṣa ẹ̀wà tó ti lu kúrò kí ẹ tó gbé e kaná, èyí tí kò tíì lu gan-an ló ṣì ní ẹran nínú.

Ìbéèrè ọmọdé wá nìyí: níbo ni ìdin yìí ti ń rí omi mu? Ẹ̀wà gbẹ. Ó gbẹ débi pé tí ẹ bá ge é jẹ báyẹn, eyín á sọ̀rọ̀. Ìdáhùn rẹ̀ ni pé ara rẹ̀ ló ń ṣe omi fúnra rẹ̀. Oúnjẹ tó bá bá afẹ́fẹ́ pàdé nínú ara ẹ̀dá, ó ń jó bí igi ṣe ń jó, ṣùgbọ́n láìsí iná, omi díẹ̀ sì máa ń ti ibẹ̀ jáde. Ara tiwa náà ń ṣe é, àmọ́ àwa ní kànga. Ìdin inú ẹ̀wà ò ní kànga kankan, èyí tí ara rẹ̀ ń ṣe ló gbára lé.

Ọ̀gbẹ́ni Larry Murdock àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Purdue ní Amẹ́ríkà ti ń bá àwọn àgbẹ̀ Cameroon ṣiṣẹ́ lórí bí a ṣe ń tọ́jú ẹ̀wà láti ìparí àwọn ọdún 1980. Àpò onípele mẹ́ta ló ti ibẹ̀ jáde: ọ̀rá méjì nínú, àpò lásán níta, a ó so ọ̀kọ̀ọ̀kan pinpin. Kòkòrò inú rẹ̀ á kú láìsí oògùn kankan. Gbogbo wa rò pé èémí ló ń wọ́n wọn. Ọdún 2012 ni wọ́n tó tẹ pépà, ìyẹn ìwé ìwádìí, tó ṣàlàyé ohun tó ń ṣẹlẹ̀ gan-an jáde: òùngbẹ ló ń pa wọ́n. Afẹ́fẹ́ tán nínú àpò, ara kòkòrò ò rí ohun tí yóò fi ṣe omi mọ́, ó wá ń gbẹ títí ó fi kú. Nígbà tí mo sọ èyí fún Ìyá Ẹlẹ́wà, tó ní irú àpò bẹ́ẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Bódìjà, ó mi orí. "Òùngbẹ nínú àpò ẹ̀wà mi! Ó kú ìyà o." Mi ò mọ̀ bóyá àánú ló ń ṣe é tàbí ó ń fi kòkòrò náà ṣe yẹ̀yẹ́.

Ó dáa. Látìgbà tí pépà yẹn ti jáde, ẹnikẹ́ni tó bá tún fẹ́ kọ nípa bí àìsí afẹ́fẹ́ ṣe ń pa kòkòrò ẹ̀wà, ó di dandan kó sọ pé àwọn Murdock ti rí báyìí-báyìí, kó kọ orúkọ wọn sí i, kó sì kọ ọdún rẹ̀ sí i. Ìtọ́kasí kan nìyẹn. Ẹlòmíì tún kọ tirẹ̀, ó di méjì. Àwọn àgbà ní ẹni tó mọ inú rò ló mọ ọpẹ́ dá, ohun tó sì wà nídìí ìtọ́kasí nìyẹn, pé kí o má gba iṣẹ́ oníṣẹ́ ṣe tìrẹ. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni ọpẹ́ o. Èèyàn lè tọ́ka sí ọ láti sọ pé irọ́ lo pa. Ó lè tọ́ka sí ọ nítorí pé ọ̀gá rẹ̀ ní kó ṣe bẹ́ẹ̀, tàbí nítorí pé orúkọ rẹ ló kọ́kọ́ jáde nígbà tó ń wá nǹkan lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní aago méjì òru. Ẹ̀rọ tó ń kà á ò mọ ìyàtọ̀. Òun ti rí orúkọ, ó ti kà á.

Ta ló kọ́kọ́ ní ká máa kà á? Ọmọ Amẹ́ríkà kan ni, Eugene Garfield. Ó dá àbá náà lọ́dún 1955, ó sì gbé ìwé atọ́ka ńlá jáde lọ́dún 1964. Ọ̀dọ̀ àwọn lọ́yà ló ti rí i. Ó pẹ́ tí àwọn lọ́yà Amẹ́ríkà ti ní ìwé kan tó ń fi hàn ẹjọ́ wo ló dárúkọ ẹjọ́ wo, kí ẹni tó fẹ́ lo ìdájọ́ àtijọ́ ní kóòtù lè mọ̀ bóyá wọ́n ti dà á nù lẹ́yìn náà. Garfield fẹ́ kí onímọ̀ sáyẹ́ǹsì rí irú rẹ̀ lò láti fi wá ìwé. Àwọn ọ̀gá yunifásítì ló wá gbé òṣùwọ̀n náà, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi wọn èèyàn.

Lónìí, àwọn tó ń kà á tí a mọ̀ jù jẹ́ mẹ́ta. Èyí tó jẹ́ àtọmọdọ́mọ iṣẹ́ Garfield ni Web of Science. Scopus, ti ilé-iṣẹ́ Elsevier, dé lọ́dún 2004. Google Scholar náà dé lọ́dún yẹn. Iye tí wọ́n ń kà fún ẹnì kan náà kì í bára mu, èyí sì ti dá ìjà sílẹ̀ lójú mi rí. Olùkọ́ kan á gbé 600 wá, ìgbìmọ̀ á ní 250 làwọn rí, oníkálukú á máa wo ẹnì kejì bí olè. Kò sí olè níbẹ̀. Ẹ rò ó bí ìnáwó ńlá ní ọjọ́ Sátidé. Ẹnì kan wà lẹ́nu ọ̀nà, àwọn tó mú ìwé ìpè dání nìkan ló ń kà. Ẹnì kejì ń ka àwọn tó wọ aṣọ ẹbí. Ẹnì kẹta wà nídìí ìkòkò, gbogbo ẹni tó bá gba abọ́ ìrẹsì ló ń kà, títí kan àwọn mo-gbọ́-mo-yà. Google Scholar ni ẹni ìdí ìkòkò yẹn. Ó ń ka jọ́nà, ìyẹn ìwé tí wọ́n ń tẹ pépà sí, ó ń ka ìwé oyè akẹ́kọ̀ọ́, ó ń ka ìwé ìpàdé àpérò, ohunkóhun tó bá ti jọ ìwé ìwádìí. Scopus àti Web of Science máa ń ṣa jọ́nà kí wọ́n tó gbà á wọlé.

Ibẹ̀ gan-an ló ti ń dun àwa tí a wà níbí. Ọ̀pọ̀ jọ́nà ilẹ̀ Áfíríkà ni kò sí nínú àwọn tí wọ́n ṣà. Ẹ mú tata tó máa ń bo oko ẹ̀gẹ́ lákòókò ẹ̀ẹ̀rùn, èyí tó ní àwọ̀ ewé àti ìyeyè bí aṣọ ẹgbẹ́, tó sì fẹ́ràn òdòdó ewé Akíntọ́lá. Àwọn onímọ̀ Ìbàdàn ti ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Èyí tí wọ́n tẹ̀ sínú jọ́nà Nàìjíríà tí kò tíì sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àfi kí ẹ wá sí láíbìrì, kí ẹ gba ìbọ̀wọ́ nítorí eruku. Ẹ̀rọ kì í wọ ìbọ̀wọ́. AJOL, tó ń kó àwọn jọ́nà Áfíríkà jọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì láti ọdún 1998, ti gba díẹ̀ là nínú wọn.

Ó ku h-index, èyí tí alága wa pè ní "etí ìńdẹ́ẹ̀sì" tí gbogbo wa sì ṣe bí ẹni pé ó yé wa. Jorge Hirsch, onímọ̀ físíìsì ní Kalifọ́níà, ló gbé e kalẹ̀ lọ́dún 2005. Ó rọrùn ju bí orúkọ rẹ̀ ṣe ń dẹ́rù bani lọ. Ẹ jẹ́ ká ní obìnrin kan ní pépà márùn-ún. A tò wọ́n láti orí èyí tí wọ́n tọ́ka sí jù: àkọ́kọ́ ní 40, èkejì 12, ẹ̀kẹta 5, ẹ̀kẹrin 4, ìkarùn-ún 1. Ẹ máa kà á bọ̀ láti òkè, kí ẹ sì máa bi ọ̀kọ̀ọ̀kan pé: ṣé ìtọ́kasí rẹ tó ipò tí o wà? Ẹni àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ ní ó kéré tán 1, ó ní 40, kó máa lọ. Ẹ̀kẹta gbọ́dọ̀ ní 3, ó ní 5. Ẹ̀kẹrin gbọ́dọ̀ ní 4, ó ní 4 géérégé. Ìkarùn-ún gbọ́dọ̀ ní 5, ó ní 1. Ẹ dúró níbẹ̀. h-index obìnrin náà, 4 ni. 17 tí Ọ̀jọ̀gbọ́n wa ní túmọ̀ sí pé ó ní pépà 17 tí ìkọ̀ọ̀kan wọn ti gba ìtọ́kasí 17, ó kéré tán. Ó lè ní ọgọ́ta mìíràn tí ẹnikẹ́ni ò yà sọ́dọ̀ rẹ̀.

Hirsch ò fẹ́ kí ẹni tó kọ pépà kan ṣoṣo tó gbòde, tó sì sùn lọ lẹ́yìn ìyẹn, borí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ láìdáwọ́ dúró. Ó gbìyànjú. Ṣùgbọ́n ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀ wò: ẹni tí pépà kan ṣoṣo tó ní yí ayé padà, tí wọ́n tọ́ka sí i ní ìgbà ẹgbẹ̀rún méjì, h-index rẹ̀ ò lè ju 1 lọ. Nǹkan kejì ni pé h-index dà bí ewú orí. Ó ń pọ̀ sí i ni, kì í dín kù, ẹni tó ti kú pàápàá, tirẹ̀ lè máa gòkè. Nítorí náà, ẹni tó bá fi 17 ti ẹni ọgọ́ta ọdún wé 6 ti ọmọ tó gba oyè dókítà lọ́dún méje sẹ́yìn, ọjọ́ orí ló ń wọ̀n.

Èyí tó ń ṣi àwọn èèyàn lọ́nà jù lọ, lójú tèmi, ni pé kì í ṣe gbogbo ìmọ̀ ló ní ọjà kan náà. Pépà tí wọ́n tíì tọ́ka sí jù lọ láyé, ṣé ẹ mọ ohun tó dá lé lórí? Kì í ṣe àrùn jẹjẹrẹ, kì í ṣe òṣùpá. Bí a ṣe ń wọn iye purotéènì tó wà nínú omi ni. Lowry àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló kọ ọ́ lọ́dún 1951, nígbà tó fi máa di ọdún 2014 ìtọ́kasí rẹ̀ ti lé ní 300,000. Ti Bradford, tó kọ ọ̀nà mìíràn láti ṣe ohun kan náà lọ́dún 1976, wà lára àwọn mẹ́ta àkọ́kọ́. Ẹnikẹ́ni tó bá lọ kòkòrò nínú yàrá ìwádìí, ì báà jẹ́ Ìbàdàn tàbí Jámánì, ó ní láti wọn purotéènì inú rẹ̀, á sì dárúkọ ọ̀kan nínú wọn. Ẹni tó ni òṣùwọ̀n lọ́jà, gbogbo ọlọ́jà ló ń dárúkọ rẹ̀. Ẹni tó gbin nǹkan tí wọ́n ń wọ̀n, àwọn díẹ̀ ló mọ̀ ọ́n. Ní ìdàkejì, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lórí bí ara kòkòrò ṣe ń ṣiṣẹ́ kò pọ̀ láyé. Ibi tí èèyàn ò ti pọ̀, ta ni yóò tọ́ka sí ọ tó bẹ́ẹ̀? 1,240 nínú ìmọ̀ kòkòrò lè wúwo ju 5,000 nínú ìmọ̀ àrùn jẹjẹrẹ lọ.

Ẹ tún wo Vincent Wigglesworth, ẹni tí wọ́n ń pè ní bàbá ìmọ̀ yìí. Kòkòrò kan wà ní Gúúsù Amẹ́ríkà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Rhodnius, ẹ̀jẹ̀ ló ń mu. Ó máa ń mu àmuyó lẹ́ẹ̀kan, lẹ́yìn náà á bọ́ awọ, á tóbi sí i. Wigglesworth fún wọn lẹ́jẹ̀ mu, ó sì gé orí wọn. Ẹ má bẹ̀rù, kòkòrò kì í gba imú mí, ihò ẹ̀gbẹ́ ara ló fi ń mí, torí náà èyí tí a gé lórí lè wà láàyè fún oṣù púpọ̀. Ó wá rí i pé èyí tí òun gé lórí kété tó jẹun tán kì í bọ́ awọ mọ́ láéláé. Èyí tí òun fi sílẹ̀ fún ọjọ́ díẹ̀ kí òun tó gé e, ó bọ́ awọ láìlórí. Ó mú ọ̀kan nínú irú kìíní àti ọ̀kan nínú irú kejì, ó fi ìda lẹ ọrùn wọn pọ̀ kí ẹ̀jẹ̀ wọn lè máa ṣàn wọnú ara wọn. Àwọn méjèèjì bọ́ awọ. A jẹ́ pé nǹkan kan ń ti orí jáde gba inú ẹ̀jẹ̀ lọ, tó ń pàṣẹ fún gbogbo ara. Ọdún 1934 ló tẹ èyí jáde. Kò pẹ́ sí i tó tún fi hàn pé nǹkan mìíràn wà, tó ń sọ fún ara kòkòrò pé "má tíì di àgbà". Irú nǹkan kejì yẹn ni wọ́n ń ṣe àfarawé rẹ̀ lónìí tí wọ́n ń fi sínú omi kí tanwíjí má lè di ẹ̀fọn.

Wàyí o, ẹni tó ń kọ pépà nípa tanwíjí lónìí, ṣé 1934 ló máa tọ́ka sí? Agbára káká. Ìmọ̀ náà ti di ti gbogbo ayé. Bí èèyàn bá ń dín àkàrà ní Dùgbẹ̀, kì í kọ́kọ́ dárúkọ ẹni tó kọ́kọ́ lọ ẹ̀wà. Iṣẹ́ tó bá tóbi jù, tó wọ inú ara gbogbo èèyàn, ìtọ́kasí rẹ̀ máa ń gbẹ.

Ọmọ Áfíríkà kan, Thomas Odhiambo láti Kẹ́ńyà, kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Wigglesworth yìí ní Cambridge. Ó padà sílé, ó sì dá ICIPE sílẹ̀ ní Nairobi lọ́dún 1970, ilé ìwádìí tí ìmọ̀ ara kòkòrò wà nínú orúkọ rẹ̀ gan-an. Iye àwọn tó di dókítà nínú ilé yẹn, h-index wo ló fẹ́ kà á?

Ìbàdàn náà ní tirẹ̀. Àwọn tó dàgbà díẹ̀ á rántí ìgbà tí ẹ̀gẹ́ ń ká orí, tí ewé rẹ̀ ń rún jọ bí aṣọ tí wọ́n fún, tí nǹkan funfun bí ìyẹ̀fun bò ó. Kòkòrò tó wá láti Gúúsù Amẹ́ríkà ni, kò ní ọ̀tá kankan níhìn-ín. Hans Herren, ọmọ Switzerland, dé sí IITA, ilé ìwádìí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Ìbàdàn lọ́dún 1967, òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sì ń wá ọ̀tá rẹ̀ kiri. Paraguay ni wọ́n ti rí i: agbọ́n kan tó kéré débi pé èèyàn lè mí i símú, tó máa ń yé ẹyin sínú ara kòkòrò funfun náà kí ọmọ rẹ̀ lè jẹ ẹ́ láti inú. Ọdún 1981 ni wọ́n kọ́kọ́ tú u sílẹ̀ ní Nàìjíríà níbí, ó sì tàn kálẹ̀ Áfíríkà. Herren gba Ẹ̀bùn Oúnjẹ Àgbáyé lọ́dún 1995. Ìtọ́kasí wà fún iṣẹ́ náà, lóòótọ́. Ṣùgbọ́n gbogbo ìyá tó ń yan gàrí láti Mọ́níyà dé Ìsẹ́yìn, kò sí èyí tó kọ pépà tí yóò fi tọ́ka sí i. Gàrí ti wọ ikùn, ẹ̀rọ ò rí i kà.

Ìdàkejì rẹ̀ tún wà, èyí sì máa ń bí mi nínú díẹ̀. Kòkòrò kan wà lókè Ọya, nínú kòtò omi orí àpáta, ó jọ ẹ̀fọn ṣùgbọ́n kì í jẹni. Bí omi bá gbẹ, ìdin rẹ̀ náà á gbẹ pátápátá, bí ẹja gbígbẹ. Ẹ lè tọ́jú rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹ da omi sí i, láàárín bí wákàtí kan, ó ti ń rìn. Irú ṣúgà kan tí wọ́n ń pè ní trehalose ló ń kún ara rẹ̀ nígbà tó bá ń gbẹ, tí kì í jẹ́ kó bàjẹ́. Hinton, onímọ̀ kòkòrò tó wà ní Bristol nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló kọ nípa rẹ̀ lọ́dún 1951, àwọn ará Japan ló wá gbé e dé òkè nínú ọgọ́rùn-ún ọdún yìí, wọ́n tẹ àkọsílẹ̀ gbogbo jíìnì rẹ̀ jáde lọ́dún 2014. Ọmọ Nàìjíríà ni kòkòrò náà. Ẹ wo ibi tí ìtọ́kasí ń lọ. Mi ò ní kí wọ́n má ṣiṣẹ́ o, iṣẹ́ ńlá ni wọ́n ṣe. Ẹ̀rọ tó lè ka jíìnì àti iná tí kì í lọ ni wọ́n fi ṣe é.

Nípa màgòmágó, mi ò ní pẹ́ níbẹ̀. Àwọn kan máa ń tọ́ka sí ara wọn ní gbogbo ìlà. Àwọn kan máa ń dá àjọ ìtọ́kasí: dárúkọ mi, kí n dárúkọ rẹ. Orúkọ méjìlá lè wà lórí pépà kan, ẹ̀rọ á fún ẹni tó ṣe gbogbo iṣẹ́ àti ẹni tó kàn yá wọn ní firíìjì ní iye kan náà. Jọ́nà jìbìtì náà wà: ọ̀dọ́mọdé olùkọ́ kan wá bá mi rí tòun ti ẹkún, ó ti san owó oṣù méjì fún jọ́nà kan tó tẹ pépà rẹ̀ láàárín ọjọ́ mẹ́rin. Nígbà tí ìgbìmọ̀ fi máa wò ó, jọ́nà náà ti pòórá lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tòun ti pépà.

Ọ̀rọ̀ orúkọ tún wà, mi ò sì lè fò ó. Adeyemi A. A. mélòó ló wà nílùú Ìbàdàn nìkan? Google Scholar lè kó ìtọ́kasí mẹ́ta nínú wọn lé ẹnì kan lórí. Obìnrin tó fi orúkọ bàbá rẹ̀ kọ pépà mẹ́jọ kó tó lọ́kọ, tó wá fi orúkọ ọkọ kọ mẹ́wàá, ẹ̀rọ á pín in sí èèyàn méjì, h-index rẹ̀ á sì wó. Nítorí èyí ni wọ́n ṣe dá ORCID sílẹ̀ lọ́dún 2012, nọ́ńbà onídíjíìtì 16 tó jẹ́ tìrẹ títí láé, ọ̀fẹ́ sì ni. Bí ẹ bá ní ọmọ tó ń kọ́ iṣẹ́ ìwádìí, ẹ ní kó lọ gbà á lónìí.

Ìmọ̀ràn mi fún ẹni tó bá ń wo ojú ìwé onímọ̀ kan: ẹ má wo àpapọ̀ òkè yẹn. Ẹ sọ̀ kalẹ̀ sí àwọn pépà gan-an, kí ẹ ka orúkọ wọn. Èwo ni wọ́n tọ́ka sí jù, ṣé iṣẹ́ tirẹ̀ ni àbí àkójọ iṣẹ́ àwọn ẹlòmíì? Ṣé orúkọ rẹ̀ ló ṣáájú, tàbí ó gbẹ̀yìn gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá yàrá ìwádìí, tàbí ó há sáàárín? Ta ló ń tọ́ka sí i, ṣé ará ilé rẹ̀ nìkan ni? "Impact factor" tí wọ́n tún máa ń kọ mọ́ ọn, ti jọ́nà nìyẹn, kì í ṣe ti èèyàn: iye ìtọ́kasí tí ohun tí jọ́nà náà tẹ̀ ní ọdún méjì sẹ́yìn gbà lọ́dún kan, tí a pín fún iye pépà inú rẹ̀. Wíwọ ọkọ̀ olówó ńlá ò sọ èrò di olówó.

Ní Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀lé ìpàdé yẹn, mo yà sí ṣọ́ọ̀bù Ìyá Ẹlẹ́wà ní Bódìjà, mo sì ṣí ojú ìwé Ọ̀jọ̀gbọ́n lórí fóònù mi kó lè fojú rí i. A sọ̀ kalẹ̀, a sọ̀ kalẹ̀, a kọjá àwọn tó ní ọgọ́rùn-ún, títí a fi kan pépà kan lórí kòkòrò ẹ̀wà, tí ìtọ́kasí rẹ̀ jẹ́ mẹ́sàn-án péré. Mo túmọ̀ ibi tí wọ́n ti ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ṣe é fún un: "A ra ẹ̀wà oníkòkòrò ní ọjà Bódìjà, Ìbàdàn."

Ó gba fóònù náà lọ́wọ́ mi. "Ọdún wo?"

"2011."

"Èmi ni mo tà á! Ọmọ yunifásítì kan, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó ní gíláàsì lójú. Ó ní ẹ̀wà tó níyì kọ́ lòun ń wá, èyí tí kòkòrò ti jẹ dáadáa lòun fẹ́. Mo rò pé orí rẹ̀ ti yí ni." Ó da fóònù padà fún mi, ó nu ọwọ́ rẹ̀ sí ìró. "Kóńgò mẹ́rin. Iye ẹ̀wà tó dáa ni mo sì gbà lọ́wọ́ rẹ̀."